Wọ́n Ní Ohùn Ọmọ Mi Ló Wà Nínú Kọ̀ǹpútà Tí Kò Ṣiṣẹ́

Kọ̀ǹpútà tí mo fi ọwọ́ ara mi tò kọ̀, kò ṣiṣẹ́, ni wọ́n bá torí rẹ̀ gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin òǹkàwé ojú ewé yìí, ẹ má bínú pé n kò kọ́kọ́ kí yín. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ìbínú sì wà lábẹ́ ẹ̀rù náà, n kò mọ èyí tó ń ti ọwọ́ mi kọ̀wé nínú méjèèjì. Mo máa ń ka ohun tí àwọn ẹlòmíì ń kọ síbí. Èmi gan-an ni mo máa ń sọ ní staff room wa pé kí ló dé tí ẹni tó kàwé yóò máa tú àṣírí ilé rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ rí... ó ti wá kàn mí báyìí. Olùkọ́ ni mí, Physics ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Òkìtìpupa. Èkìtì ni wọ́n bí mi sí, yunifásítì ni mo ti pàdé ọkọ mi, ọmọ Ìkálẹ̀, ọmọ Òde-Ayé. Iṣẹ́ orí omi ló ń ṣe ní ìhà Warri, tó bá ti lọ ó máa ń pẹ́ kó tó bọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wa. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Mosún níhìn-ín, orúkọ rẹ̀ kọ́. Primary Three ló wà. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé aláìgbàgbọ́ ló ń kọ ìwé yìí o. Aláṣọ funfun ni èmi náà. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ ni mo ti ń bọ́ bàtà mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé àdúrà bí gbogbo èèyàn, mo ń tan àbẹ́là, mo ń kúnlẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe fún mi ni mo fẹ́ rò.

Àbúrò mi tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà l'Ékòó ló kó gbogbo ẹ̀yà náà sínú páálí fún mi: àpótí irin rẹ̀, mọ́dábọ́ọ̀dù tí gbogbo nǹkan ń wọ̀ lé lórí, mẹ́mọ́rì pẹlẹbẹ tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí nǹkan, hard disk, mọ́nítọ̀ tó wúwo bí àpò gàrí. Ó fẹ́ bá mi tò ó, èmi ni mo kọ̀. Kí ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ láti ọjọ́ yìí wá bí n kò bá lè to kọ̀ǹpútà kan fúnra mi? Mo fẹ́ máa fi tẹ ìbéèrè ìdánwò àti project àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo sì fẹ́ kí Mosún mọ̀ ọ́n lò nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò tíì fojú rí i. Mo tẹ́ aṣọ sórí tábìlì ní pálọ̀, mo to gbogbo ẹ̀yà náà sí i, mo fi mọ́dábọ́ọ̀dù sí àárín, mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ìyá ọkọ mi wà nílé, wọ́n wá kí wa láti Òde-Ayé. Ìyé ni a ń pè wọ́n, bí àwọn Ìkálẹ̀ ṣe ń pe ìyá. Ìyá àdúrà ni wọ́n nínú ìjọ, èèyàn ńlá, ẹni tí àwọn àgbà ọkùnrin ń dìde fún. Wọ́n ní kí Mosún má lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà, kí ó dúró bá àwọn ṣeré. N kò rí nǹkan kan nínú ìyẹn.

Nígbà tí mo dé, mo jókòó ti iṣẹ́ mi. Mosún ń bá mi gbé tọ́ọ̀ṣì, Ìyé ń jẹ púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ àwọn Ìkálẹ̀, lórí àga, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá Mosún, olùkọ́ la fẹ́ o, a ò mọ̀ pé mẹkáníìkì ló wọlé wá!" A jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, a jọ rẹ́rìn-ín ni, kò sí ìjà láàárín wa. Mo dè é tán, mo ti wáyà bọ ògiri, mo tan án. Fáànù inú rẹ̀ yí, iná kékeré iwájú rẹ̀ tàn, inú mi dùn... mọ́nítọ̀ dúdú kirimú. Ohùn kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú àpótí náà, pííììì... á dákẹ́... pííììì... á dákẹ́. Mo pa á, mo tún un tàn, bákan náà. Ìyé gbé àwo púpurú wọn sílẹ̀. Mosún ní tirẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ti rí eré tuntun. Ó ń sín in jẹ ká ilé, ó ń ṣe é fún àwọn ọmọ àjọgbé wa lẹ́yìnkùlé, pííììì, pííììì, títí mo fi ní tí kò bá dákẹ́ màá nà án. Ṣé mo mọ̀? Ta ló mọ̀?

Ọjọ́ kejì mo lọ sí ilé tẹlifóònù, mo tò sórí ìlà títí ó fi kàn mí, mo pe àbúrò mi. Ó ní, "Àǹtí, báwo ló ṣe ń dún? Ẹ dún un fún mi kí n gbọ́." Ẹ̀yin èèyàn mi, lójú gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà, mo la ẹnu, mo ní pííììì... mo dákẹ́... mo tún ní pííììì. Ọkùnrin kan tó gbé kẹ́ẹ̀gì epo dání rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àbúrò mi ń rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí wàhálà, ohùn tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ pé òun kò rí mẹ́mọ́rì òun nìyẹn, kí n yọ mẹ́mọ́rì náà, kí n fi kílínà tí àwọn ọmọ fi ń pa ìwé rẹ́ nu àwọn irin wẹ́wẹ́ etí rẹ̀ tó dà bí eyín, kí n tẹ̀ ẹ́ padà kó wọlé dáadáa. Ọ̀rọ̀ tó yé èmi àti òun nìyẹn. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà lórí ìlà náà, ọmọ ìjọ wa, ohun tó gbé lọ bá Ìyé ní ibi àdúrà ìrọ̀lẹ́ ni pé ìyàwó wọn ń ké bí ẹ̀rọ ní ilé tẹlifóònù, ó sì ranjú.

Mo nu eyín mẹ́mọ́rì náà. Mo tẹ̀ ẹ́ padà. Pííììì. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ibà gbé Mosún. Ibà lásán, irú èyí tí ó ń mú gbogbo ọmọ ní àkókò òjò níhìn-ín, mo mọ̀ ọ́n, mo ti tọ́jú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ gbóná gan-an, ó ń sọ ìsọkúsọ, ó sì ń ṣe eré rẹ̀ yẹn nínú ibà... ó dijú, ó ń ṣe pííììì, á dákẹ́, á tún ṣe é. Mo ní kí Ìyé bá mi mójú tó o, mo sáré lọ ra oògùn ní ilé ìta-oògùn tó wà lójú títì. Kò pẹ́ rárá tí mo padà. Ilé ti ṣófo. Wọ́n ti gbé ọmọ mi wọ mọ́tò Òde-Ayé. Kọ̀ǹpútà náà sì wà lórí tábìlì, wọ́n ti fi aṣọ funfun bò ó láti òkè délẹ̀ bí òkú, wọ́n to imọ̀ ọ̀pẹ yí i ká. Ẹ̀yin tí ẹ bí ọmọ, ẹ bá mi rò ó. Mo dúró tòun ti ìgò oògùn lọ́wọ́.

Nígbà tí mo fi máa dé ilé àdúrà ní Òde-Ayé, wọ́n ti tẹ́ ẹní fún un nínú ọgbà ìjọ tí àwọn aláìsàn ń sùn sí, wọ́n ti wọ̀ ọ́ ní sùtánà funfun. Wòlíì wọn kò pariwo mọ́ mi o, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ mọ́ ọn. Ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, Tíṣà ló ń pè mí. Ó ní a fi hàn òun pé ohùn ọmọ náà ti wọ inú ẹ̀rọ, pé ẹ̀rọ náà ló ń lo ọ̀fun rẹ̀ láti ké, pé kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan oògùn, omi àdúrà nìkan. Mo ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé mẹ́mọ́rì, mo ṣàlàyé ibà, mo ṣàlàyé títí ọ̀fun tèmi náà fi fẹ́ẹ̀ pin. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wá sọ níwájú ìjọ pé, "Tíṣà, tó bá jẹ́ irin lásán ni, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tó bá ti ṣiṣẹ́, ẹ wá mú ọmọ yín." Gbogbo àwọn àgbà ìjọ ní àmín. Ìyé ní àmín. Èmi náà ní àmín, nítorí mo rò pé iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Ẹ rántí àdéhùn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti dé láti ilé ẹ̀kọ́, n kò ní jẹun, màá ṣí aṣọ funfun náà, màá tú u, màá tún un tò. Mo yí wáyà iná padà. Mo yọ hard disk kúrò. Àbúrò mi fi mẹ́mọ́rì mìíràn ránṣẹ́ nípasẹ̀ dírẹ́bà, mo fi sí i, ohùn kan náà. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan fún yín tí n kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ wa. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní bí ohùn ṣe ń rìn nínú afẹ́fẹ́, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo wà nínú kíṣíìnì, kọ̀ǹpútà náà ń ké ní pálọ̀... mo dá a lóhùn. Mo ní, "Mosún, mò ń bọ̀." Ẹnu mi ló sọ ọ́ kí n tó mọ̀. Tí èmi olùkọ́ bá lè dá ẹ̀rọ lóhùn, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bá Ìyé jà?

Ṣùgbọ́n n kò fi ibà ọmọ mi sílẹ̀ fún omi lásán. Mo ń gbé ògì lọ fún un nínú fúláásì lójoojúmọ́, mo ń da oògùn ibà sínú ògì náà, mo ń fi ṣúgà bò ó. Ìyé máa ń jókòó ti wa, wọ́n á máa sọ pé "Jẹ ẹ́, ọma mi, jẹ ẹ́." Ibà náà lọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, wọ́n gbé Mosún jáde fún ẹ̀rí, agogo ń dún, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ní omi àdúrà ló ṣe é. Mo jó. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Èmi tí mo mọ ohun tó wà nínú ògì, mo jó yí ilé àdúrà ká pẹ̀lú wọn, nítorí mo rò pé tí wọ́n bá ti dúpẹ́ tán, wọ́n á fún mi ní ọmọ mi. Wòlíì wá dìde, ó ní ẹni tí Olúwa bá ti wò sàn, ti Olúwa ni. Ó ní ní ọjọ́ ìkórè ìjọ, kí n gbé ẹ̀rọ náà wá síwájú pẹpẹ kí wọ́n gbàdúrà lé e lórí. Bí ó bá ṣiṣẹ́, a jẹ́ pé Ọlọ́run ti gba ohùn ọmọ náà padà, Mosún yóò sì dúró sìn Ín nínú ọgbà náà títí yóò fi dàgbà. Bí kò bá ṣiṣẹ́, wọ́n á sun ún níná, Mosún yóò dúró nínú ọgbà náà fún àdúrà ìtúsílẹ̀. Àwọn àgbà tún ní àmín. Níbo ni àdéhùn ti àkọ́kọ́ wọlé sí? Ṣé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò rántí ni? Mo wo ojú Ìyé, wọ́n ń wo ilẹ̀.

Èyí gan-an kọ́ ni ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù. Mosún kò sọ̀rọ̀ sókè mọ́. Kò sí nǹkan tó ṣe ọ̀fun rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un pé ẹ̀rọ náà gba ohùn rẹ̀, ó sì gbà wọ́n gbọ́. Ọmọ tó ń pariwo ká ilé, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ báyìí bí ẹni tó ń jalè. Mo bi í pé kí ló dé, ó fi ẹnu sí mi létí, ó ní, "Mummy, kó má baà gbọ́ kó wá gba èyí tó kù." Mo fẹ́ sunkún. Mo ní ẹ̀rọ náà kò ní etí. Ó wá tún fi ẹnu sí mi létí, ó ní ó lè jẹ́ pé nǹkan ló ń dun ẹ̀rọ náà, nítorí lọ́jọ́ tí mo to ẹ̀yà rẹ̀ sórí tábìlì tí mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́, Ìyé tan àbẹ́là sórí rẹ̀, àbẹ́là náà sunkún sí i lára.

Mo padà sílé bí ẹni tí wọ́n ń lé. Àṣà Ìyé nìyẹn, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Kò sí nǹkan tuntun tó wọlé wa tí wọn kò gbàdúrà sí kí a tó lò ó. Bí wọ́n ṣe ṣe fún fìríìjì nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún alùpùpù ọkọ mi. Wọ́n á gbé àbẹ́là sókè, wọ́n á fi ṣe àmì àgbélébùú lórí rẹ̀. Fìríìjì àti alùpùpù ní irin bo ara wọn. Mọ́dábọ́ọ̀dù tèmi wà ní ìhòòhò lórí aṣọ. Mo yọ mẹ́mọ́rì, mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò tó ń wọ̀, ihò náà funfun, ìda àbẹ́là náà funfun, ìdí tí n kò fi rí i láti ìgbà yìí wá nìyẹn. Ó ti ṣàn, ó ti dì sínú àwọn eyín kéékèèké náà. Mo fi igi ìtayín yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti spírítì fọ ìyókù, mo jẹ́ kó gbẹ. Mo fi mẹ́mọ́rì sí i. Mo tan án. Kò ké. Mọ́nítọ̀ mọ́lẹ̀, nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í kà lójú rẹ̀, ó ń kà, ó ń kà... mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo fi aṣọ mi bo ẹnu kí àwọn àjọgbé má gbọ́ igbe mi.

Àṣírí mi nìyẹn. Kọ̀ǹpútà náà ń ṣiṣẹ́. Ó wà nílé mi, ó ń ṣiṣẹ́, n kò sọ fún ẹnì kankan. Mo tún fi aṣọ funfun wọn bò ó. Tí Ìyé bá béèrè, mo ń ní kò tíì ṣe nǹkan kan. Kí ni kí n ṣe? Tí mo bá gbé e lọ síwájú pẹpẹ tó sì ṣiṣẹ́, wọ́n á ní àdúrà ló jí i bí wọ́n ṣe ní omi ló lé ibà lọ, ọmọ mi di ti wọn. Tí gbágungbàgun ojú ọ̀nà Òde-Ayé bá sì mì í tí nǹkan kan sún nínú rẹ̀, tàbí tí jẹnẹrétọ̀ wọn bá ń ṣe ségesège tó bá kọ̀, iná ni, ọmọ mi di ti wọn náà. Tí mo bá dìde nínú ìjọ tí mo sọ pé àbẹ́là Ìyá Àdúrà ló dí ẹ̀rọ lẹ́nu ńkọ́? Ta ni yóò gbà mí gbọ́? Wọ́n á ní mo bú ìmọ́lẹ̀ Ọlọ́run, mo dójú ti ìyá ọkọ mi níwájú àwọn tó ń dìde fún wọn, Ìyé ni ọmọ mi sì ń sùn tì. Mo sì mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn ọmọ náà, ìyẹn ló ń mú ọ̀rọ̀ yìí le. Mo ti rò ó kí n jí ọmọ mi gbé lọ sí Èkìtì... ṣé ẹni tó jí ọmọ ara rẹ̀ gbé lè padà sílé ọkọ? Bàbá rẹ̀, mo ránṣẹ́ sí i, èsì tó dé ni pé kí n ṣe ohun tí Ìyé bá sọ, òun á gbọ́ ìyókù tí òun bá dé. Ìgbà wo? Ìkórè kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Àga ọmọ mi ṣófo ní kíláàsì, olùkọ́ rẹ̀ ń bi mí, mo ń ní ara rẹ̀ kò tíì yá. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ̀yin tí ẹ ti wà nínú ìjọ bí tèmi, ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá ọkọ, kí ni ẹ máa ṣe? Ṣé kí n sọ ọ́ ni, àbí kí n dákẹ́? Àbí kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ bá Ìyé nìkan, kí n fi ìda náà hàn wọ́n? Mo tọ́jú rẹ̀ sínú bébà. Tí wọ́n bá sọ ọ́ nù ńkọ́?

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni mo ń béèrè lọ́wọ́ yín. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ka ìwé ìròyìn yìí ní Òde-Ayé. Wòlíì, ẹ sọ fún mi: àdéhùn wo la ṣe níwájú ìjọ, ta ló fún yín láṣẹ láti yí i padà? Ẹ̀yin àgbà ìjọ tí ẹ ní àmín sí ti àkọ́kọ́, tí ẹ tún ní àmín sí èkejì, èwo nínú àmín yín ni kí Ọlọ́run gbọ́? Bàbá Mosún, ọmọ ta ni Mosún? Ìyé, ẹ ò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ẹnì kan yóò kà á fún yín, kí ẹni náà rọra kà á. Mo ti tú kọ̀ǹpútà yẹn palẹ̀, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ìdí, mo ti fi tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo ihò ara rẹ̀. Ìda àbẹ́là yín ni mo bá níbẹ̀. Ohùn ọmọ mi kò sí níbẹ̀.

Níbo lẹ gbé e sí?